Ẹṣin kan, ọmọ kan: ohun tí ẹṣin ná àwọn baba wa

1/ Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí 🧵. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Òjúde Ọba ti gba gbogbo fóònù kan, ó dà bíi pé kò sí ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá tí kò wù kó gun ẹṣin. Bí ọdún Lísàbí bá ti ń súnmọ́lé ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà lẹ ó máa rí: "Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta Arabian?"

2/ Ìbéèrè yẹn dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe tuntun. Ó ju irínwó ọdún lọ tí Yorùbá ti ń wá ẹṣin rà lọ́wọ́ àwọn tó ń dà á bọ̀ láti Òkè Ọya. Ohun tí wọ́n fi rà á, àti ohun tí ríra yẹn dá sílẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ jókòó.

3/ Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Ìjà kan tí kò tán lórí ayélujára ni. Àwọn kan ní ẹṣin jẹ́ tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé Hausa kò fi nǹkan kan kọ́ wa. Àwọn kan tún ní Yorùbá kò mọ ẹṣin rí, pé àṣà oníláwàní la jí wọ̀. Irọ́ ni méjèèjì, ẹ má bínú. Òtítọ́ ibẹ̀ dùn ju ìjà lọ, ó sì korò jù ú lọ.

4/ Orí eṣinṣin ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eṣinṣin ló kọ púpọ̀ nínú ìtàn wa. Eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse fẹ́ràn ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn: inú igbó àti etí odò. Bó bá bu ẹṣin jẹ, ó lè kó kòkòrò kan sí i lẹ́jẹ̀. Ẹṣin á rù, ara rẹ̀ á máa gbóná, á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú.

5/ Òyìnbó fúnra wọn kò mọ ohun tó ń fà á títí di bíi 1895, nígbà tí dókítà ológun kan, David Bruce, rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran ní ilẹ̀ Zulu. Àwọn baba wa kò ní awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tójú wọn ń rí: ẹṣin tó bá wọ igbó kì í pẹ́ láyé.

6/ Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi gbèrú ní Ọ̀yọ́-Ilé tó wà ní ọ̀dàn, tí kò sì gbèrú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó. Ní Ọ̀yọ́ pàápàá, ewu ò tán. Ọmọ ẹṣin tí wọ́n bí níbẹ̀ kò tó láti dí àlàfo àwọn tó ń kú. Bí ọba bá fẹ́ ní ẹlẹ́ṣin lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ àti lẹ́yìn ìyẹn, rírà ni kó máa rà.

7/ Ọ̀dọ̀ ta ló ti ń rà á? Ọ̀dọ̀ Núpé, Bàrìbá àti Hausa. Ẹṣin tí àwọn wọ̀nyí ń tà náà kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ tìbílẹ̀. Ìran tó gbajúmọ̀ jù ní Òkè Ọya títí dòní, Barb àti Dongola, ní gbòǹgbò ní apá àríwá Áfíríkà àti ní Sudan. Ẹṣin gba aṣálẹ̀ wá, ó gba Borno, ó gba ilẹ̀ Hausa, kó tó dé ọwọ́ wa.

8/ Ìtàn ẹnu Ọ̀yọ́ sọ nípa Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ tó jọba láàárín ọdún 1500 sí 1600, pé ó kó ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin jọ sínú ogun rẹ̀. (Àwọn kan ní obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀. Ìyẹn á ní thread tirẹ̀, ẹ má dà mí láàmú.) Láti ìgbà náà ni orúkọ Ọ̀yọ́ àti ẹṣin ti so mọ́ra.

9/ Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya lu Dahomey. Balógun ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Snelgrave, tó ń ṣòwò ẹrú ní etíkun nígbà yẹn, kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1734. Ó ní ariwo ìbọn ń dẹ́rù ba ẹṣin, wọn ò fẹ́ súnmọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Dahomey rí i pé agbára òun kò ká a. Wọ́n padà gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń san án títí Ọba Ghezo fi kọ̀ ọ́ láàárín ọdún 1820 sí 1830.

10/ Ó dáa. A ti mọ ẹni tó ń tà, a ti mọ ẹni tó ń rà. Kí wá ni owó ẹṣin? Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti rọra kà.

11/ Ní 1455, ará Venice kan tó ń jẹ́ Cadamosto dé agbègbè Sẹ̀nẹ̀gà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọba ibẹ̀ ń fi ẹrú 9 sí 14 ra ẹṣin kan. Ní 1550, ìwé Leo Africanus jáde. Ó sọ níbẹ̀ nípa ọba Borno tó ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò láti àríwá Áfíríkà: ẹrú 15 sí 20 fún ẹṣin kan.

12/ Ẹ tún un kà. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹṣin kan.

13/ Ọba Borno kò sì ní ẹrú náà nílé nígbà tó ń bá wọn nájà. Á gba ẹṣin láwìn, á gùn ún lọ sógun, á kó èèyàn bọ̀, á wá fi èèyàn yẹn san gbèsè ẹṣin. Oníṣòwò á jókòó máa dúró dè é. Ẹṣin ń mú ẹrú wá, ẹrú ń mú ẹṣin wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ta ló fẹ́ kí ogun parí?

14/ Ọ̀yọ́ náà wọ inú àyípo yẹn. Ó ń kó èèyàn lọ sí Whydah, Porto-Novo, Badagry àti Èkó, ó ń gba aṣọ, owó ẹyọ àti ọjà òyìnbó. Ó tún ń kó nínú ọjà yẹn lọ sókè láti fi ra ẹṣin. Àwọn onítàn bíi Robin Law ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa: ọjà etíkun àti ọjà ẹṣin, ẹsẹ̀ méjì tí ìjọba Ọ̀yọ́ fi ń rìn nìyẹn.

15/ Ó ku ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá. Níbo la wà nínú gbogbo eléyìí? Abẹ́ Ọ̀yọ́ la wà. Kì í ṣe Abẹ́òkúta o, kò tíì sí Abẹ́òkúta nígbà yẹn. Àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ nínú igbó ni mò ń wí. Àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ló ń ṣàkóso lórí wọn, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ojú àwọn èèyàn rí màbo.

16/ Lísàbí dìde. Àgbẹ̀ ni, ọmọ Ìtòkú tó ń gbé ní Ìgbẹ́in. Ó dá ẹgbẹ́ àáró sílẹ̀: lónìí a ṣiṣẹ́ lóko tìrẹ, lọ́la a ṣiṣẹ́ lóko tèmi. Ta ló máa fura sí àwọn tó ń bára wọn kọ ebè? Bó ṣe sọ ẹgbẹ́ oko di ẹgbẹ́ ogun nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n dìde sí àwọn ìlàrí. Samuel Johnson kọ ọ́ pé àwọn ìlàrí tó kú lé ní 600.

17/ Ọ̀yọ́ rán ogun wá láti gbẹ̀san. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ẹ rántí eṣinṣin àti igbó o. Agbára tó mú Dahomey wólẹ̀, orí pápá ló ti lágbára. Nínú igbó kìjikìji, níbi tí ẹ̀ka igi ti ń gbá ẹni lójú, ẹlẹ́ṣin kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ẹrù ńlá sórí. Òmìnira Ẹ̀gbá jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n Lísàbí, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ tó kọ ẹṣin.

18/ Torí náà, nígbà tí mo bá rí ọmọ Ẹ̀gbá tó gun ẹṣin, tó wọ dàńdógó, tó ń kígbe "Ọmọ Lísàbí!", inú mi á dùn, ẹ̀rín á sì pa mí. Ẹni tí à ń yìn borí ìjọba ẹlẹ́ṣin láìní ẹṣin. Ó fẹsẹ̀ rìn ni jàre.

19/ Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́, torí ohun tó bà á jẹ́ ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú thread yìí. Ẹṣin kì í tọ́jú ara rẹ̀. Ta ló mọ koríko tó yẹ kó jẹ? Ta ló mọ egbòogi inú rírun rẹ̀? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ kó lè gba ìjánu? Ní Ọ̀yọ́, ẹrú Hausa ló mọ iṣẹ́ yẹn. Ọ̀yọ́ ra ẹṣin láti òkè, ó tún ra ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú láti òkè.

20/ Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kọ Aláàfin sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ó pe àwọn ẹrú láti Òkè Ọya pé kí wọ́n wá bá òun, wọ́n á di òmìnira. Wọ́n sá lọ bá a láti ilé olówó wọn káàkiri. Ẹ ò rí nǹkan? Lọ́jọ́ tí ẹrú sá lọ, ìmọ̀ ẹṣin bá a lọ.

21/ Àfọ̀njá kò jèrè rẹ̀. Àwọn tó kó jọ náà ló padà pa á, Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ ìran Alímì. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ Ọ̀yọ́. Kí ọdún 1840 tó pé, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Ìjọba tó fi ẹṣin dìde, ẹlẹ́ṣin ló lé e kúrò nílé. Ẹni tó bá ń ra agbára lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó rántí pé ẹni yẹn náà lè lò ó.

22/ Mo ti sọ̀rọ̀ ìjọba tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọdé kan.

23/ Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ọmọkùnrin kan wà ní Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn. Ó tó bí ọmọ ọdún 12. Àjàyí ni wọ́n ń pè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ìyá ń se oúnjẹ, ogun wọ ìlú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lẹ́yìn náà àwọn tó wà nínú ogun yẹn: Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ẹ rántí tweet ogún.

24/ Wọ́n mú un, wọ́n mú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì tí ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́. Okùn ọrùn ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ dé Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹran. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ síbòmíràn. Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kejì di ti olóyè ogun kan.

25/ Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì ṣú tí wọ́n fi fi Àjàyí ra ẹṣin.

26/ Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹṣin kan, ọmọ kan. Kò sí nínú lẹ́tà rẹ̀ bóyá ẹṣin ńlá ni tàbí kékeré, bóyá funfun ni tàbí dúdú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n dá ẹṣin padà. Wọ́n sì dá ọmọ padà.

27/ Mo ka ibẹ̀ títí. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọjà padà. Bàtà kò bá ẹsẹ̀ mu, a dá a padà, wọ́n dá owó wa padà. Nínú òwò yẹn, Àjàyí ni owó. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ẹni tó gbé òun dání tẹ́ òun lọ́rùn.

28/ Ìdápadà yẹn ló jẹ́ kó tún rí ìyá rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ìlú mìíràn, ìyá rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, wọ́n wà nítòsí ara wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n tún tà á. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Ní ibì kan, tábà àti ọtí ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ó dé Èkó, wọ́n tà á fún àwọn Potogí, wọ́n kó o sínú ọkọ̀.

29/ Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun. Wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọmọ náà kàwé, ó gba orúkọ Samuel Crowther. Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Òun náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther.

30/ Ní 1843, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ́kọ́ ṣe jáde. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ ọ́ di àlùfáà. Ọ̀nà tí à ń gbà kọ Yorùbá lónìí, àmì tí mò ń fi sórí lẹ́tà yìí pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ra ẹṣin tí kò tẹ́ni lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní kí n ṣírò ohun tí òwò ẹrú gbà lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: mélòó nínú irú rẹ̀ ni kò padà wá?

31/ Ibi tó ti kan Abẹ́òkúta gan-an wá nìyí. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ti kó Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Olúmọ lẹ́yìn tí ogun tú àwọn ìlú àtijọ́ ká. Àwọn tí ogun lé láti oríṣiríṣi ibi náà wá sá sí i. Ní 1846, Àjàyí wọ Abẹ́òkúta pẹ̀lú Henry Townsend, láti wàásù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n mú obìnrin àgbàlagbà kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àfàlà ni. Ìyá rẹ̀.

32/ Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n wo ara wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi ní Abẹ́òkúta, ó gba orúkọ Hannah. Bí ẹ bá kọjá nílùú wa, tí wọ́n ń ka ohun tó yẹ kéèyàn rí fún yín, Olúmọ, Aké, ẹ fi èyí kún un: ìlú tí ìyá ti rí ọmọ tí wọ́n fi ra ẹṣin.

33/ Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ fọ Ẹ̀gbá mọ́. Ẹ̀gbá náà kó ẹrú, ó tà á, ó sì lò ó lóko. Abẹ́òkúta tó gba ẹni tí ogun lé mọ́ra kan náà ni ogun ti ń jáde lọ kó ẹlòmíràn. A kì í fi ìtàn bo ara wa láṣọ nìkan, ìtàn a máa bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹni pẹ̀lú.

34/ Ṣé ẹṣin wà ní Abẹ́òkúta nígbà yẹn? Ó wà. Ní 1859, àwọn aláwọ̀ dúdú méjì dé láti Amẹ́ríkà, Martin Delany àti Robert Campbell, wọ́n ń wá ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wọn lè padà sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, wọ́n bá Aláké àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí àdéhùn. Oṣù yẹn kan náà ni Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn.

35/ Delany kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé oríṣi ẹṣin méjì ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀kan kékeré, ó pè é ní ti Akú, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá nígbà yẹn. Èkejì ga, ó lẹ́wà, ó pè é ní ti Borno. Ẹ wò ó: ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún, ẹṣin gíga láti òkè náà lojú gbogbo wa ṣì wà lára rẹ̀.

36/ Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹṣin ti yàtọ̀ nígbà yẹn. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ti fọ́ ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo. Ìbọn ti gbòde. Nínú àwọn ogun tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ni àwọn jagunjagun wa fi ń jà, ẹṣin di ti olóyè. Kì í ṣe ohun ìjà mọ́, ó ti di iyì. Nígbà tí rélùwéè tó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, ìrìnàjò náà bọ́ lọ́wọ́ ẹṣin.

37/ Ohun tó ṣẹ́ kù ni orúkọ àti ayẹyẹ. Ẹ wo oyè Ṣẹ̀ríkí tó wà ní Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ Hausa ni, "sarki", ọba. A gbà á, a fi ṣe oyè ológun, a ti gbàgbé ibi tó ti wá. Ìyẹn kò dójú tì wá. Àjọgbé ló ń mú ọ̀rọ̀ rìn láti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì. Ẹni tó ní Hausa kò fi nǹkan kan kọ́ wa, ẹnu rẹ̀ ló ń tako ara rẹ̀.

38/ Òwò náà sì yí padà sí rere. Ní 1916, wọ́n dá Sábó Ìbàdàn sílẹ̀. Abner Cohen kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1969. Ó ṣàlàyé bí màígídá ṣe ń ṣe: ó ń gba oníṣòwò láti òkè sílé, ó ń bá a wá oníbàárà, ó ń dúró fún oníbàárà tó ra màlúù láwìn. Bí oníbàárà bá sá, màígídá ló máa san án. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n ń tà, màlúù kàn tẹ̀lé e ni.

39/ Ó wá kan àwọn tó ń bi mí ní DM: "Ṣé Arabian gidi ni wọ́n ń tà?" Ẹ gbọ́. Ẹṣin Lárúbáwá pátápátá máa ń ní ìwé ìran: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí Arabian, orúkọ ọjà lásán ni. Ohun tí ẹ máa bá pàdé jù ni Barb, Dongola, tàbí àdàlù wọn. Kò burú o! Ìran tó wúlò ni, ó ti mọ oòrùn ilẹ̀ yìí. Ẹ má kàn san owó ìwé fún ẹṣin tí kò níwèé.

40/ Ẹ wo eyín rẹ̀. Ẹṣin tó pé ọdún márùn-ún ti pààrọ̀ gbogbo eyín iwájú. Ní ọdún mẹ́wàá, ilà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára eyín igun òkè, á gùn dé àárín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jẹ́ kó rìn lórí ilẹ̀ líle kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń tiro. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. FUNAAB ní ilé ìwòsàn ẹran ní Abẹ́òkúta níbí. Eṣinṣin kò tíì kó lọ.

41/ Ẹ ṣírò owó olùtọ́jú náà. Èyí ló dùn mí jù láti sọ. Mo ti rí ẹni tó ra ẹṣin, tó ya fọ́tò fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá so ó mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé títí egungun ìhà rẹ̀ fi ṣeé kà. Ẹni tó mọ ẹṣin tọ́jú níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ẹ san owó rẹ̀ fún un pé pérépéré, ẹ sì pè é lórúkọ rẹ̀, ẹ má pè é ní "mọ́là". Ọ̀yọ́ fojú ẹrú wo ẹni tó di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú. Ẹ ti rí bó ṣe parí.

42/ Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gun ẹṣin. Ó yẹ wá, ó rẹwà, ó wà nínú ìtàn wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé iyì tó wà lórí gàárì yẹn, àwọn kan ló san án. Ẹlòmíràn fi ẹ̀mí san án, ẹlòmíràn fi ọmọ san án. Lónìí, owó náírà la fi ń san án, ẹni tó ń tà á sì lè padà sílé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀. Ọpẹ́ ló yẹ ká fi gùn ún.

43/ Ó tán. Bí bàbá àgbà yín bá ní ìtàn ẹṣin kan ní agboolé yín, yálà Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kó má baà bá wọn lọ. Ẹ bá mi tàn án ká.